Àdán Ló Ń Gbin Ìrókò: Àkọsílẹ̀ Nọ́sìrì Igi Tí A Kọ́ Nílé Ẹ̀kọ́ Wa

Àwòrán ńlá méjì ni wọ́n fún wa pé ká fi kọ́ àwọn ọmọ nípa ìdáàbòbò ẹranko igbó. Béárì funfun tó dúró lórí yìnyín ló wà nínú ọ̀kan, ẹja àbùùbùtán ló wà nínú èkejì. Àwòrán náà dára, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ọmọ Ifẹ̀ tí kò rí yìnyín rí àfi nínú fíríìjì, kí ló fẹ́ ṣe fún béárì? Á há a sórí, á kọ ọ́ sínú ìdánwò, ó parí. Bẹ́ẹ̀, tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú báyìí, ẹranko igbó lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń gba orí òrùlé kíláàsì wa kọjá, kò sì sẹ́ni tó ń wò wọ́n, àfi ẹni tó ń wá òkò.

Àdán ni mò ń wí. Àwọn àdán ńlá tó ń jẹ èso, tí ọrùn wọn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi koríko ẹ̀ẹ̀rùn, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Eidolon helvum. Tí ọ̀kan bá na apá rẹ̀ méjèèjì tán, ó lè tó sẹ̀ǹtímítà 76. Inú ọgbà yunifásítì ni wọ́n ń so rọ̀ sí lọ́sàn-án, kì í sì í ṣe òní: láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ti ń kọ̀wé nípa wọn, nígbà tí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà ṣì ń jẹ́ Yunifásítì Ifẹ̀.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ìdáàbòbò ní kí iṣẹ́ àkànṣe ọdún yìí jẹ́ gbígbin igi. Mo ní ó dára, ìrókò la máa gbìn. Mi ò tíì sọ ohun tó pa ìrókò àti àdán pọ̀ fún wọn. Mo fẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí i.

Oṣù Kìíní: ilé nọ́sìrì

Ẹ̀yìn ilé ìdáná àtijọ́ ni pírínsípà fún wa, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín ògiri àti igi máńgòrò. Oòrùn àárọ̀ ń débẹ̀, máńgòrò á sì ṣíji bò ó tó bá di ọ̀sán. Kànga ò jìnnà. Àléébù ibẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ojú ọ̀nà ewúrẹ́ àdúgbò ni.

Ọparun la fi ṣe òpó, nítorí pákó ti wọ́n, a sì ń rí ọparun gé létí odò lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá káfíńtà tó wá bá wa ṣe é gbé kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì dúdú kan dání, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ti lò tán, pé òun á fi kun ìdí àwọn òpó kí ikán má baà jẹ ẹ́. Ọmọbìnrin kan ní SS1 ní:

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ilẹ̀ tá a fẹ́ gbin nǹkan sí yìí náà la máa da ọ́ìlì sí?"

Bàbá wo kẹ́ẹ̀gì, wọ́n wo ọmọ náà, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti kọ́ yín dáadáa o. Ó dáa, ẹ wá igi ìdáná wá. Ká tó mọ mọ́tò nílùú yìí, iná la fi ń ṣe é."

Báyìí la ṣe dá iná, tí a ń yí ìdí ọparun kọ̀ọ̀kan lójú rẹ̀ títí ó fi dúdú bí èédú, láti ìsàlẹ̀ títí dé ibi tó máa yọ díẹ̀ lókè ilẹ̀. Oúnjẹ inú ọparun ni kòkòrò ń wá wá. Iná a máa jó ti ara èèpo dànù, èédú ò sì dùn lẹ́nu ikán. Bàbá ò purọ́ fún wa pé kò ní jẹrà láéláé. Wọ́n ní tí a bá ti rí ọdún méjì lò lára rẹ̀, ká dúpẹ́. Mo fara mọ́ ọn. Òpó tó máa jẹrà, tí a óò tún gé òmíràn, sàn fún mi ju ọ́ìlì tó máa wà nínú ilẹ̀ títí tí àwọn ọmọ yìí á fi bímọ.

Imọ̀ ọ̀pẹ la fi bo òkè, a ò tò ó pọ̀ jù. Ẹ na ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án: tí òjìji àti oòrùn bá pín àtẹ́lẹwọ́ yín ní ọgbọọgba, ó ti tó bẹ́ẹ̀. Wáyà tí wọ́n fi ń ṣe ilé adìẹ la fi yí i ká nítorí ewúrẹ́.

Ìparí oṣù Kejì: wíwá irúgbìn

Akọ ìrókò wà, abo ìrókò wà. Akọ kì í so. Òdòdó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan ló máa ń so rọ̀ lára tiẹ̀, tí á sì já bọ́ sílẹ̀. Abo ló ń so èso, èso aláwọ̀ ewé tó rí bíi kòkòrò mùkúlú, tó gùn tó ìka ọwọ́, tí irúgbìn wẹ́wẹ́ wà nínú ẹran rẹ̀. Nítorí náà kì í ṣe gbogbo ìdí ìrókò lèèyàn ń lọ. A béèrè títí, a fi gbọ́ pé abo kan wà ní àgbàlá ìdílé kan tí kò jìnnà.

Bàbá tó ni àgbàlá náà gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu wọn. "Ẹ̀yin tíṣà, ọmọ ọlọ́mọ lẹ fẹ́ kó lọ sábẹ́ ìrókò yẹn? Ẹ má wá lọ́sàn-án gangan o, ẹ má sì wá lóru." A ní àárọ̀ la máa wá. Ẹ̀rù ti ń ba méjì nínú àwọn ọmọ, wọ́n ń sọ̀rọ̀ olúwéré wúyẹ́wúyẹ́. Mi ò fi wọ́n ṣẹ̀sín. Mo mọ igi mẹ́ta tí wọ́n ti là sí pákó ládùúgbò yẹn. Èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bani nìkan ló ṣẹ́ kù. Tí òfin ìjọba bá lè dáàbò bo igi tó bí olúwéré ṣe ń dáàbò bò ó, inú mi á dùn.

A tẹ́ tapólì sábẹ́ igi náà kí ilẹ̀ tó ṣú, a kó o láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Oríṣi nǹkan méjì ló wà lórí rẹ̀: èso tó já bọ́ lódindi, àti ìkúùkù kékeré rúdurùdu bí ẹni jẹ ìrèké tu ìhá rẹ̀ dànù. Àwọn ọmọ ò mọ èyí kejì. Mo ní kí wọ́n ronú ẹni tó ń jẹun lókè igi lóru, tó ń fa omi èso mu tó sì ń tu ìhá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́yìn kíláàsì ló kọ́kọ́ pariwo: "Àdán ni, má!"

Níbi tí mo fẹ́ kí a dé nìyẹn. Àdán a máa tu ìhá èso, ṣùgbọ́n irúgbìn ìrókò kéré, kò ju mílímítà méjì lọ, nítorí náà púpọ̀ nínú rẹ̀ á bá omi èso wọ inú rẹ̀. Á fò lọ, á yàgbẹ́ sí ibòmíràn. Àwọn onímọ̀ tó so ẹ̀rọ mọ́ àdán lára ní Gánà, tí wọ́n ń tọpa ibi tí wọ́n ń fò dé, ṣírò rẹ̀ pé irúgbìn wẹ́wẹ́ lè bá àdán rìn tó kìlómítà 75 kó tó bọ́ sílẹ̀. Láti Ifẹ̀ dé Ìbàdàn, ó máa fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀. Ẹyẹ wo, afẹ́fẹ́ wo, ló lè gbé irúgbìn ìrókò dé ọ̀nà tó jìn tó yẹn, kó sì jù ú sínú oko tí wọ́n ti gé gbogbo igi rẹ̀ tán?

A ò fọwọ́ kan ìkúùkù náà o, a ò sì jẹ́ kí ọmọ kankan dé abẹ́ igi tí àdán ń sùn sí. Ìdí wà. Ní ọdún 1956, ara irú àdán yìí gan-an ní Èkó ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí fáírọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ìbátan dìgbòlugi, tí wọ́n sì fi Èkó sọ lórúkọ. Òbí kan ti kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi pé àdán ló ń gbé Ebola kiri, pé kí n má fi ọmọ òun ṣeré. Mo lọ bá wọn nílé. Mo ní ìyá, ewu rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń yìn ín níbọn, tó ń kun ún, tó ń fọwọ́ bọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àti ẹni tó bá gbé èyí tó ń ṣàìsàn nílẹ̀. Èyí tó ń fò kọjá lókè ò mú nǹkan kan wá. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà la fi ṣa èso odindi, a fi ọṣẹ fọwọ́, a sì fi omi àti ọṣẹ fọ tapólì. Òbí náà jẹ́ kí ọmọ wọn máa bá iṣẹ́ lọ.

Bí a ṣe yọ irúgbìn rèé. A rẹ èso sínú omi mọ́jú títí ó fi rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. A fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ nínú omi, a sẹ́ ẹ nínú asẹ́ ògì. Èyí tó léfòó, a dà á nù, nítorí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ṣófo nínú. Èyí tó rì sísàlẹ̀ la sá lórí bébà níbòòji, kì í ṣe lóòrùn. Irúgbìn ìrókò kì í pẹ́ kó tó kú, nítorí náà a ò tọ́jú rẹ̀ pamọ́ de ọ̀la.

Oṣù Kẹta: gbígbìn

Inú àpótí pákó ni a kọ́kọ́ gbin ín sí, lórí yanrìn odò tí a pò mọ́ ilẹ̀ dúdú. A ò bò ó mọ́lẹ̀ jinlẹ̀: a kàn ku yanrìn fẹ́ẹ́rẹ́ lé e ni. Kẹ́ẹ̀gì tí a fi ìṣó gbígbóná lu lójú wẹ́wẹ́ la fi ń bomi rin ín, torí omi tí a bá dà láti inú garawa á kó irúgbìn lọ. Ó hù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ewé kékeré méjì méjì.

Ọ̀rá píọ́ wọ́tà la lò fún kíkó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé ẹ̀kọ́ wa kún fún un, ó sì yẹ kí ó ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì kó tó dé ojú gọ́tà. A gé orí rẹ̀, a gé igun ìsàlẹ̀ méjèèjì kí omi lè máa jáde, a sì rọ ìpò kún un: ilẹ̀ dúdú mẹ́ta, yanrìn ọ̀kan, ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà pátápátá ọ̀kan. Àléébù ọ̀rá yìí ni pé ìmọ́lẹ̀ ń wọ inú rẹ̀. Gbòǹgbò ò fẹ́ ìmọ́lẹ̀, ewé omi sì máa ń hù mọ́ ara ọ̀rá náà nínú. A gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, a tò wọ́n sínú rẹ̀ pẹ̀kípẹ̀kí dé ọrùn, a sì fi èérún igi tí káfíńtà rẹ́ dànù dí àárín wọn. Ó yanjú.

Oṣù Kẹrin títí dé ìkẹfà: kíka àdán

Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni. A yan ọ̀pẹ méjì tó wà lápá ìwọ̀-oòrùn pápá, a ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa ka àdán tó bá gba àárín wọn kọjá láàárín ìṣẹ́jú kan. Iye ẹnì kan ò bá ti ẹnì kejì mu rárá. Ti ẹlòmíì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti ẹnì kejì rẹ̀. Gbogbo wọn ló ń bínú síra wọn. A yí i padà: ẹnì kan ń wò, ó ń ka mẹ́wàá mẹ́wàá sókè, ẹnì kejì ń ju ọmọ ayò kan sínú agolo tí mẹ́wàá bá ti pé, ẹnì kẹta ń wo aago. Mẹ́ta mẹ́ta báyìí, ẹgbẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, a sì kọ iye méjèèjì sílẹ̀, a ò fi ọ̀kan pa èkejì rẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀.

Nígbà tí òjò rinlẹ̀, iye bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Àwọn ọmọ ti dá ẹjọ́: àwọn ọlọ́dẹ ti yìn wọ́n tán. Àwọn ọlọ́dẹ ń yìn wọ́n lóòótọ́, mi ò lè sọ pé wọn kì í yìn wọ́n. Ẹran àdán ń tà lọ́jà, bẹ́ẹ̀ ọmọ kan péré ni abo rẹ̀ ń bí lọ́dún. Ṣùgbọ́n irú àdán yìí a máa ṣí kiri pẹ̀lú. Tí òjò bá ti mú, ọ̀pọ̀ wọn a máa lọ sí apá àríwá, níbi tí èso ti ń pọ́n lákòókò náà, wọ́n á sì padà bọ̀ tó bá yá. Ní Kasanka, ní orílẹ̀-èdè Sáḿbíà, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá wọn ló ń péjọ sínú igbó kékeré kan láti oṣù Kẹwàá sí ìkejìlá, lẹ́yìn náà wọn ò ní sí níbẹ̀ mọ́. Nítorí náà iye tí a kà lóṣù Kẹrin àti èyí tí a kà lóṣù Kẹfà ò ṣeé fi wéra. Oṣù Kẹrin ọdún tó ń bọ̀ la máa fi wé ti oṣù Kẹrin yìí. Ó ṣòro fún wọn láti gbà pé ìdáhùn wọn á dúró di ọdún mìíràn. Ọ̀kan ní, "Má, mo ti máa wà ní SS2 nígbà yẹn." Mo ní òun náà ló máa wá kà á.

Oṣù Kẹfà: àìsàn wọlé

Ibí yìí ni iṣẹ́ ti le jù. Àwọn ọmọ ìrókò wa ti ga tó gìgísẹ̀ sí orúnkún nígbà tí orí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ibi tí ewé tuntun ti yẹ kó yọ di kókó bọ̀rọ̀kọ̀tọ̀ aláwọ̀ ewé, ó ń tàn, ó le bí ẹní fọwọ́ kan eéwo tí kò tíì pọ́n. Láìpẹ́ ó bẹ́, omi jáde, orí igi náà dúdú, ó kú láti òkè wá sísàlẹ̀.

Kòkòrò bíńtín kan ló ń ṣe é, Phytolyma lorúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ igbó. Á yé ẹyin sórí ewé tuntun, ọmọ rẹ̀ á wọ inú ewé, ewé á wú yí i ká, ibẹ̀ lá ti máa jẹun títí á fi dàgbà, tí kókó á fi là kó lè jáde. Òun ló jẹ́ kó ṣòro láti gbin ìrókò sójú kan lọ rẹpẹtẹ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láti ìgbà tí àwọn ìjọba amúnisìn ti ń gbìyànjú rẹ̀. Ẹni tó ti gbin ìrókò mọ̀ ọ́n. A tú ọ̀kan nínú àwọn kókó náà sórí bébà funfun, àwọn ọmọ fi awò ńlá wò ó: kòkòrò funfun pẹlẹbẹ, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n fẹ́ ká fín oògùn. Mo ní oògùn tá a máa fín síta ò ní dé inú kókó tó ti pa dé, èyí tó bá sì máa wọ inú igi lọ bá a, mi ò ní jẹ́ kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fọwọ́ kàn án. Ohun tí a ṣe ni pé a ń gé orí tó bá ti wú kó tó là, a ń jó o, lójoojúmọ́. A fi imọ̀ kún ìbòòji, nítorí kòkòrò náà fẹ́ràn ewé tó wà lóòrùn ju èyí tó wà níbòòji lọ. Lẹ́yìn náà la yà wọ́n síra: dípò kí ìrókò máa tò lọ gbuurugbu, a fi ọmọ igi mìíràn sáàárín wọn, arère, afàrà, àti kòkó díẹ̀ tí ẹnì kan fún wa, kó má baà rọrùn fún kòkòrò láti ti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Bó ṣe máa ń rí nínú igbó náà nìyẹn, ìrókò kan níbí, òmíràn lọ́hùn-ún jìnnà. Ta ló sì ń tú wọn ká bẹ́ẹ̀? Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ fún wọn lọ́tẹ̀ yìí. Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ.

Nǹkan bí ìdajì ló kú. A gé orí ìyókù, wọ́n sì yọ ẹ̀ka tuntun.

Oṣù Kẹjọ

Ọlidé. Ewúrẹ́ gba ibi tí wáyà ti já wọlé, ó jẹ arère tán, ó fi ìrókò sílẹ̀. A tún wáyà ṣe.

Oṣù Kẹwàá: irú

Ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa ń ta irú lọ́jà. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá bá kíláàsì sọ̀rọ̀, wọ́n dé pẹ̀lú irú wooro nínú abọ́, gbogbo kíláàsì ń rùn fààà, pírínsípà sì yọjú lójú fèrèsé pé kí ló ṣẹlẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń sè é mọ́jú, bí wọ́n ṣe ń gún un bó, bí wọ́n ṣe ń bò ó kó lè gbóná. Mo wá béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ pé, kí igi irúgbá tó so, ta ló ń bá a gbé àtíkè òdòdó rẹ̀ láti ara ọ̀kan dé ara èkejì?

Òdòdó irúgbá pupa, ó rí róbótó, okùn gígùn ló fi so rọ̀ síta kúrò láàárín ewé. Ìrọ̀lẹ́ ló ń là, oyin rẹ̀ sì ń ṣàn lóru. Ẹni tó bá ń fò lóru, tó ń dorí kodò, ló wà fún. Ní ọdún 1957, H. G. Baker àti B. J. Harris tí wọ́n ṣe ìwádìí ní Gánà kọ ọ́ jáde pé àdán ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Òun nìkan kọ́ o, oyin àti kòkòrò mìíràn náà ń débẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí àdán bá ti ń dé dáadáa, igi a máa so dáadáa.

Ìyá oníirú dákẹ́ díẹ̀. "Àdán tó dorí kodò, tó ń wòṣe ẹyẹ yìí náà?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ká ní mo ti mọ̀ ni, tíṣà. Mo ti pariwo lé wọn lórí igi ìbẹ́pẹ mi tí ohùn mi ti há." Ìbẹ́pẹ wọn ń sọnù lóòótọ́, wọn ò sì fi ẹjọ́ yẹn sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Mo ní kí wọ́n máa já a nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n, kí wọ́n sì fi àpò bo èyí tó kù.

Ibi tí iṣẹ́ dé báyìí

Àwọn ìrókò tó yè ti tó èyí tó ṣeé kó jáde. Òjò ti ń lọ, nítorí náà a ò ní kó wọn lọ sóko báyìí. Inú nọ́sìrì ni wọ́n máa ti la ẹ̀ẹ̀rùn kọjá, a óò gbìn wọ́n nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, lọ́kọ̀ọ̀kan, ní àgbàlá àwọn òbí tó ti fọwọ́ sí i àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́. Òpó méjì ti ń mì, bàbá káfíńtà sì ti ní àwọn á wá wò ó. Ìyá oníirú fi irúgbìn irúgbá ránṣẹ́, èyí tí wọn ò tíì sè. Èèpo rẹ̀ le, a óò bu omi tó ń hó lé e lórí, a óò sì fi í sínú omi náà títí á fi tutù kí a tó gbìn ín. Àwọn ọmọ JSS2 ló ni iṣẹ́ yẹn, wọ́n ti kó ọ̀rá píọ́ wọ́tà jọ kọjá ohun tí a nílò.